Dátà tó gba Èkó jáde: àkọsílẹ̀ owó róómíǹgì oníbáàgì kan láti Balógun dé Guangzhou

Obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ń ta báàgì obìnrin ní ọjà Balógun, ní Erékùṣù Èkó, ìlú Guangzhou ní ilẹ̀ Ṣáínà ló sì ti máa ń kó ọjà wá. Ó gbà kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, bí n kò bá ṣá ti dárúkọ òun. Alhaja ni n ó máa pè é, n kò sì ní dárúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ni síìmù rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti máa bá àwọn oníṣòwò àdúgbò wa to fóònù wọn kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, ìdí nìyẹn tí Alhaja fi gbé fóònù rẹ̀ àti ìwé kékeré kan wá bá mi nígbà tó dé. Inú ìwé náà ló kọ gbogbo owó ìpè tó wọ orí nọ́ńbà rẹ̀ sí: ₦50,000 tí òun fúnra rẹ̀ fi sí i kí ó tó kúrò ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà, àti ₦40,000 tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fi ránṣẹ́ sí i láti Èkó, lẹ́ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ₦120,000 lápapọ̀. ₦170,000 ni gbogbo rẹ̀, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi tán. Ó wò mí lójú, ó ní, “Ìwọ sọ fún mi, ṣé èmi ni mo jẹ gbogbo owó yìí, àbí wọ́n jí i ni?”

Kì í ṣe pé Alhaja kò múra sílẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó máa ń lọ sí London ti kìlọ̀ fún un pé kí ó má fi síìmù Nàìjíríà ṣe nǹkan kan lókè òkun, kí ó ra síìmù ìlú tó bá dé ní gbàrà tó bá ti bọ́ sílẹ̀. Ìmọ̀ràn yìí dára fún ẹni tó ń lọ sí London, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí lọ́la nípa ibẹ̀, ohun kan náà ni n ó sọ. Alhaja tẹ̀ lé e. Ó mú ìwé ìrìnnà rẹ̀ lọ sí ilé ìtajà síìmù ní Guangzhou, wọ́n ya ojú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bí òfin ibẹ̀ ṣe là á kalẹ̀ láti oṣù Kejìlá ọdún 2019, wọ́n sì fún un ní síìmù tí dátà rẹ̀ pọ̀ tí owó rẹ̀ kò sì wọ́n. WeChat, áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà tó fi ń bá àwọn oníléeṣẹ́ báàgì sọ̀rọ̀, ń ṣiṣẹ́ geere. WhatsApp nìkan ni kò dáhùn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá kọ sí ọmọ rẹ̀ ní Balógun, àmì aago kékeré ni yóò dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò ní yí padà di àmì pé ó ti lọ. Ó dé hòtẹ́ẹ̀lì, ó bọ́ sórí Wáìfáì wọn, bákan náà ló rí. Ó gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ẹni tó ta síìmù fún òun ti rẹ́ òun jẹ.

Ẹni náà kò rẹ́ ẹ jẹ. Láti ọdún 2017 ni ìjọba Ṣáínà ti dí WhatsApp pa lórí íntánẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ wọn, bí wọ́n ti dí Facebook àti Google ṣáájú rẹ̀. Ohun tó bá ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ jáde, ì báà jẹ́ síìmù tí a rà lójú pópó tàbí Wáìfáì hòtẹ́ẹ̀lì tó gbówó lórí jù lọ, inú ògiri kan náà ló wà. Àwọn kan máa ń lo VPN, ìyẹn áàpù tó ń gbé dátà gba ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ jáde, láti fo ògiri yìí, ṣùgbọ́n VPN tí ìjọba ibẹ̀ kò fọwọ́ sí kò bá òfin wọn mu, ẹni tí kò sì tíì gbé e sórí fóònù láti ilé kò ní rí Play Store tí yóò ti mú un lọ́hùn-ún, nítorí pé ti Google ni Play Store.

Àdúgbò Xiaobei, níbi tí àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ Áfíríkà pọ̀ sí, ni Alhaja wọ̀ sí. Ọmọ Nàìjíríà kan níbẹ̀ ló sọ fún un pé, “Màmá, ẹ tan róómíǹgì síìmù Nàìjíríà yín, ẹ ó rí i.” Ó tàn án, ìyẹn ni pé ó jẹ́ kí síìmù ilé máa ṣiṣẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilẹ̀ òkèèrè. WhatsApp sì ṣí lójú ẹsẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti ń dúró láti ọjọ́ tó ti dé bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé. Ọ̀rọ̀ náà rí bí idán lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí idán kankan níbẹ̀. Bí síìmù ilẹ̀ kan bá wà ní róómíǹgì ní ilẹ̀ mìíràn, dátà rẹ̀ kì í sábà bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ilẹ̀ tó wà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó gbà á lálejò yóò dì í, yóò sì fi ránṣẹ́ padà sọ́dọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ni síìmù, ilé nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí ló ti ń bọ́ síta. Alhaja wà ní Guangzhou, ṣùgbọ́n lójú WhatsApp, Nàìjíríà ló wà. Ògiri Ṣáínà kò rí ohun tó wà nínú ẹrù náà tí yóò fi dá a dúró. Èyí náà ló fa á tí gbogbo rẹ̀ fi ń falẹ̀ díẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó kọ sí ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ilé kí ó tó padà.

Ọjọ́ kejì ni owó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ní ti gidi. Alhaja dúró ní ilé ìtajà kan, ó di báàgì pupa kan mú níwájú fóònù, oníbàárà rẹ̀ ní Èkó sì ń wò ó lórí ìpè fídíò. Oníbàárà ní kí ó yí i padà, òun fẹ́ rí síípù rẹ̀. Alhaja ṣí síípù náà, ó pa á dé, ó tún ṣí i kí ó lè gbọ́ bí ó ṣe ń dún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dé orí awọ inú rẹ̀, wọ́n sì ń jiyàn bóyá dúdú dára ju àwọ̀ ilẹ̀ lọ. Ibi tí wọ́n ti ń sọ èyí ni ìpè já. Ó rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ó gbìyànjú láti tún pè, kò lọ. Ó wo owó orí fóònù, òdo ló rí. Ó fi WeChat ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó bá a pe ọmọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì ti inú áàpù báńkì fi ₦40,000 ránṣẹ́. Ìyẹn náà kò rí ọ̀sán ọjọ́ kejì.

Ohun tó ń bí Alhaja nínú jù lọ ni pé dátà 20GB tó rà kí ó tó kúrò nílé ṣì wà lórí fóònù, kò dín rárá. “Dátà wà níbẹ̀, kí ló dé tí wọ́n tún ń jẹ owó mi?” Ìdáhùn rẹ̀ ni pé dátà tí a rà fún Nàìjíríà, Nàìjíríà nìkan ló wà fún. Tí fóònù bá ti kọjá ẹnubodè, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í wò ó mọ́. Orí owó ìpè gan-an ni wọ́n ti ń gé MB kọ̀ọ̀kan ní iye róómíǹgì, àfi bí ènìyàn bá ra dátà róómíǹgì tó dárúkọ orílẹ̀-èdè náà. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan kí ó lè yé wa. Kì í ṣe iye nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan ni mo ń sọ. Ká ní ₦100 ni wọ́n ń gbà lórí MB kan. Lójú ẹni tí kò bá ronú sí i, ₦100 kò tó nǹkan. Àmọ́ MB 1,024 ló wà nínú GB kan, nítorí náà GB kan ṣoṣo á jẹ́ ₦102,400. Ìpè fídíò kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni kí ó ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ló kàn fẹ́ràn owó. N kò ní gbèjà wọn, ṣùgbọ́n iye náà ní orísun mìíràn pẹ̀lú. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilẹ̀ òkèèrè tó gba síìmù wa lálejò máa ń kọ gbogbo ìṣẹ́jú àti MB sílẹ̀, yóò sì gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa gẹ́gẹ́ bí àdéhùn tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Owó òkèèrè ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, kì í ṣe náírà. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti jẹ́ kí náírà máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà, ìyà tó jẹ náírà jẹ ẹni tó ń fi síìmù Nàìjíríà rìnrìn àjò pẹ̀lú. Àwọn ará Yúróòpù ti rí ọ̀nà bọ́ nínú èyí láàárín ara wọn: láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 2017, síìmù orílẹ̀-èdè kan nínú àjọ EU ń ná iye ilé ní orílẹ̀-èdè EU yòókù. Síìmù Nàìjíríà kò sí nínú ètò yẹn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Paris tàbí Rome yóò dín owó kù fún òun.

Mo ṣí ibi tí fóònù máa ń kọ ohun tí áàpù kọ̀ọ̀kan jẹ sí nígbà tó wà ní róómíǹgì. WhatsApp ló wà lókè, kò yà mí lẹ́nu. Èyí tó tẹ̀ lé e ni Google Photos, ibẹ̀ ni mo ti dúró. Alhaja kò mọ̀ ọ́n rárá; ọmọ rẹ̀ ló tò ó sórí fóònù kí àwòrán má bàa sọnù, ó sì jẹ́ kí ó máa lo dátà nígbà tí kò bá sí Wáìfáì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé láti ìgbà tí Alhaja ti dé Guangzhou, ó ń ya báàgì, ó ń ya iye owó, ó ń ya fídíò inú ilé ìtajà. Síìmù Ṣáínà kò lè gbé wọn lọ sọ́dọ̀ Google nítorí ògiri, gbogbo wọn sì tò jọ, wọ́n ń dúró. Ọjọ́ tó tan róómíǹgì tí ọ̀nà ṣí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, tòun ti fídíò ńláńlá, lórí dátà tó wọ́n jù lọ tí fóònù yẹn ní. Àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp mọ́kànlá tó wà náà kò sinmi. Fídíò ìyàwó, fídíò wáàsí àti fídíò ẹ̀fẹ̀ ń wọlé fúnra wọn nítorí pé kò sẹ́ni tó pa gbígbà wọn láìbéèrè. Bí Alhaja bá ti sùn, fóònù rẹ̀ kò sùn.

Owó kékeré kọ́ ni ti ìpè pẹ̀lú, ọ̀nà tó gbà lọ ló sì yani lẹ́nu jù. Ó ti pẹ́ tí Alhaja ti to nọ́ńbà rẹ̀ pé bí òun kò bá gbé ìpè, kí ó bọ́ sórí nọ́ńbà ọmọ òun. Ní Èkó, èyí kò ní ìṣòro. Ṣùgbọ́n wákàtí méje ni Guangzhou fi ṣáájú Èkó. Bí oníbàárà bá pè é láti Muṣin ní aago mẹ́jọ alẹ́, aago mẹ́ta òru ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Fóònù yóò dún ní Guangzhou, kò sí ẹni tí yóò gbé e, ìpè yóò sì padà sí Èkó láti bá ọmọ rẹ̀, tí yóò sọ pé, “Màmá ti sùn o.” Oníbàárà san iye ìpè Èkó sí Èkó. Alhaja ló san ìyókù: owó ìpè tó wá bá a ní Ṣáínà, àti owó ìpè tó ti Ṣáínà padà sí Nàìjíríà, gbogbo rẹ̀ nínú oorun.

Àtúnṣe ti èyí wà, ó sì rọrùn ju bí àwọn ènìyàn ti rò lọ, bí a bá ṣe é kí a tó kúrò nílé. Tí a bá tẹ **21* kí a tó tẹ nọ́ńbà ọmọ, tí a sì fi # parí rẹ̀, gbogbo ìpè láìyọ ọ̀kan ni yóò darí, àti pé inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé gan-an ni wọ́n ti ń darí rẹ̀. Ìpè kò ní rìnrìn àjò rárá, bíi ìpè Èkó sí Èkó ni yóò ná. Ti “bí n kò bá gbé e” ló máa ń kọ́kọ́ rìn kí ó tó padà. *#21# ni a fi ń wò ó bóyá ó wà, ##21# ni a fi ń pa á, ##002# sì ń pa gbogbo irú ìdarí tó wà lórí nọ́ńbà náà. Kí n fi èyí kún un: bí àjèjì kan bá pè yín pé kí ẹ tẹ **21* àti nọ́ńbà kan tí ẹ kò mọ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń gba WhatsApp mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ máa ń lo ọ̀nà yìí láti gba ìpè tó ń sọ kóòdù.

Alhaja lọ sí ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ láti gba owó padà. Wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ ìnáwó rẹ̀ fún un, ó bá ohun tí mo rí nínú fóònù mu, wọ́n sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí i hàn án, èyí tó sọ iye ìpè àti iye MB ní Ṣáínà. Ó gbà á lóòótọ́. Ó pa á rẹ́ pẹ̀lú àwọn ìpolówó ọjà tó kún orí fóònù rẹ̀, nítorí pé ohùn kan náà ni gbogbo wọn fi ń sọ̀rọ̀. Kò rí kọ́bọ̀ gbà padà. Ohun tó dín àdánù rẹ̀ kù ni pé ẹni tó ń sanwó ṣáájú ni. Ìgbà tí owó tán, ìpè já. Ẹni tó ń sanwó lópin oṣù kò ní rí ohun tó máa dá a dúró, ìwé owó ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Nígbà tó tún fẹ́ lọ, a jókòó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí ó tó di ọjọ́ ìrìnàjò. Mo kọ́kọ́ tẹ *#06# lórí fóònù rẹ̀. Nọ́ńbà EID jáde pẹ̀lú IMEI, èyí túmọ̀ sí pé fóònù náà gba eSIM, síìmù tí a kì í fi ọwọ́ kì bọ fóònù, tí a ń gbà sórí rẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. eSIM oníṣẹ́ ìrìnàjò la rà, èyí tí ó jẹ́ dátà nìkan, tí kò ní nọ́ńbà ìpè. Ìbéèrè tí mo bi ẹni tó ń tà á kò ju ọ̀kan lọ: ibo ni dátà yìí ti ń bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì? Ó ní Hong Kong ni. Hong Kong wà lábẹ́ Ṣáínà, ṣùgbọ́n kò sí nínú ògiri yẹn, nítorí náà WhatsApp yóò ṣiṣẹ́. Bó bá ti sọ pé inú ilẹ̀ Ṣáínà gan-an ló ti ń jáde, ǹ bá ní kí Alhaja má rà á, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. A fi Wáìfáì ilé gbé e sórí fóònù ní Èkó, nítorí pé íntánẹ́ẹ̀tì ló ń fẹ́ kí ó tó wọlé, a sì fi í sílẹ̀ ní pípa.

A kò yọ síìmù Nàìjíríà kúrò, torí pé orí rẹ̀ ni OTP báńkì àti álátì ń bọ̀. Lọ́pọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, gbígba àtẹ̀jíṣẹ́ ní róómíǹgì kì í gba owó, síbẹ̀ mo ní kí ó bèèrè lọ́wọ́ ti rẹ̀, ó sì bèèrè. A pa dátà róómíǹgì lórí síìmù náà, a sì pa ibì kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò: ibi tí fóònù ti ń fo láti síìmù kan sí èkejì fúnra rẹ̀ bí dátà ti àkọ́kọ́ bá rẹ̀wẹ̀sì. Ẹni tó bá fi ìyẹn sílẹ̀ ní títàn lè ra eSIM tán kí owó rẹ̀ ṣì máa lọ. A darí gbogbo ìpè sí ọmọ rẹ̀. A ní kí Google Photos dúró de Wáìfáì, kí WhatsApp má gba fídíò láìjẹ́ pé ó fọwọ́ kàn án. Nígbà tí WhatsApp bá rí síìmù tuntun tó sì bi í bóyá ó fẹ́ pààrọ̀ nọ́ńbà, kí ó ní rárá. Ọmọ rẹ̀ náà gbé WeChat sórí fóònù ti rẹ̀. Ẹnì kan tó ti wà lórí rẹ̀ ló jẹ́rìí sí i kí wọ́n tó gbà á wọlé, ṣùgbọ́n ní báyìí ọ̀nà kejì ti wà láàárín wọn.

₦5,000 péré ló fi sórí síìmù Nàìjíríà. Nígbà tó dé, ó fi hàn mí: dátà kò jẹ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ìpè tí ọmọ rẹ̀ bá a gbé nílé jẹ díẹ̀, ìyókù lọ sórí ìpè kan tí òun fúnra rẹ̀ pe ajẹ́ńtì tó ń bá a gba ẹrù ní Apapa, nítorí pé ajẹ́ńtì náà kì í dá WhatsApp lóhùn. Owó eSIM yàtọ̀ sí èyí, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ hàn lódidi kí ó tó sanwó, bó bá sì ti tán, kò lè wọ àpò ẹnikẹ́ni lọ wá òmíràn.

Dubai ló ń lọ báyìí, ó fẹ́ wo bàtà. A ó tún fóònù náà tò láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ní Dubai, ọ̀rọ̀ tí a kọ sórí WhatsApp ń lọ, ìpè rẹ̀ ni kì í lọ lórí síìmù ìlú náà, oníbàárà Alhaja kò sì ní ra bàtà tí kò bá kọ́kọ́ rí i lórí ìpè fídíò.